Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Òjìji Ni Kí Ẹ Máa Wò Lójú Òṣùpá

Ìbéèrè nípa òṣùpá ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì fi èyí tó ṣe pàtàkì jù ṣíwájú. Ẹni tó bá lóye ìdáhùn rẹ̀, àwọn tó kù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra tẹlisíkóòpù kan tí lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 70. Mo fi sùúrù dúró de òṣùpá àrànmọ́jú kí n lè rí àwọn kòtò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo rí kò ju àwo funfun tó ń gún mi lójú lọ. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? (Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹnikẹ́ni kò lù yín ní jìbìtì. Alẹ́ tí ẹ yàn ni kò dáa. Òṣùpá àrànmọ́jú dùn ún pàlọ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló burú jù fún ẹni tó ń wá kòtò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà, ó sì ń tàn sójú òṣùpá tààrà. Bí ọ̀sán gangan ni, nígbà tí òjìji èèyàn máa ń ká jọ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kòtò tí kò bá ní òjìji, ojú kì í lè yà á sọ́tọ̀ lára ilẹ̀ tó yí i ká, nítorí pé kòtò òṣùpá kì í jìn bí a ṣe rò. Ẹ wo kòtò tí wọ́n ń pè ní Copernicus: ó fẹ̀ tó kìlómítà 93, jíjìn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 3.8 lọ. Tó bá jẹ́ ohun èlò ilé ìdáná ni, àwo pẹrẹsẹ là bá pè é, kì í ṣe ìkòkò. Òjìji ló ń sọ ọ́ di ìkòkò lójú wa.

Ibi tí òjìji pọ̀ sí ni ààlà tó wà láàárín apá tó mọ́lẹ̀ àti apá tó ṣókùnkùn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀ ni. Oòrùn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, débi pé òkè tí kò ga ju kìlómítà kan lọ lè ta òjìji tó gùn tó ogún kìlómítà. Ààlà náà kò sì dúró lójú kan. Ní agbede-méjì òṣùpá, ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko láìkánjú. Bí ẹ bá jókòó tì í fún wákàtí méjì, ẹ lè rí góńgó òkè kan tó dá tàn nínú òkùnkùn bí iná àbẹ́là, tí ìmọ́lẹ̀ á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Galileo, awòràwọ̀ ará Ítálì, rí ní Padua ní ọdún 1609, tó fi mọ̀ pé òkè àti àfonífojì wà lójú òṣùpá, pé kò dán bọ̀rọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ṣe ń kọ́ni.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù ojú ọ̀run (kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà, a máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), kí ẹ sì máa bá a lọ títí di ọjọ́ kejìlá. Lásìkò yìí, òṣùpá ti wà lókè kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní fi oorun dù yín. Lẹ́yìn àrànmọ́jú, gbogbo kòtò náà tún máa ń padà ní òjìji, láti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ òṣùpá ìgbà yẹn kì í yọ títí ilẹ̀ á fi ṣú gan-an.

Ti ìmọ́lẹ̀ tó ń gún yín lójú: òṣùpá kì í ba ojú jẹ́, ó kàn ń dà á láàmú ni. Àrànmọ́jú mọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìdajì òṣùpá. Bí ẹ kò bá ní dígí dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ lẹ́ǹsì, ẹ tan gílóòbù ìta sílẹ̀ kí ẹ tó wò ó. Ojú tí òkùnkùn kò tíì mọ́ lára kì í ta.

Màmá àgbà wa máa ń sọ pé ọkùnrin kan ló ń la igi nínú òṣùpá. Kí ni dúdúdúdú tó wà níbẹ̀ gan-an? (Olùkọ́bìnrin kan, Ìkirè)

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó tóbi ni. Òkúta yíyọ́ ló ṣàn wá láti inú òṣùpá, ó kún àwọn kòtò ńláńlá, ó sì dì síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn ti lé ní bílíọ̀nù ọdún mẹ́ta. Àwọn awòràwọ̀ àtijọ́ rò pé omi ni, wọ́n sì pè wọ́n ní òkun. Orúkọ náà ti mọ́ wọn lára, àwa náà á sì máa lò ó nísàlẹ̀ yìí. Òkun gbígbẹ ni o.

Ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa jẹ́ 14, a ní tẹlisíkóòpù kan. Ẹ sọ ohun tí a máa wò fún wa, àti alẹ́ tí a máa wò ó. (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Iléṣà)

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ náà. Ìgbà tí òṣùpá bá wọ ẹ̀gbẹ́ oòrùn tí kò ṣeé rí ni a ti ń ka ọjọ́ wa, kì í ṣe láti inú kàlẹ́ńdà ara ògiri. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i tó lé nírọ̀lẹ́, ó ti pé ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ń lo kàlẹ́ńdà Hijra kò ní ṣìnà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin: ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ òṣùpá tó mọ́lẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀, díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ máa rí òkun kékeré kan tó dá wà, Mare Crisium, tó fẹ̀ ju kìlómítà 500 lọ. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ lọ sọ́wọ́ òsì, ẹ máa bá kòtò Langrenus, lẹ́yìn rẹ̀ kòtò Petavius. Ẹ má fi Petavius ṣeré. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 177, òkè wà láàárín rẹ̀, ojú sísán kan sì là láti ẹsẹ̀ òkè náà dé ara ògiri bí ìgbà tí sìmẹ́ńtì bá sán. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹfà, oòrùn á ti ga jù, ojú sísán náà á sì ti ṣòro láti rí. (Ọwọ́ ọ̀tún àti òsì tí à ń sọ yìí, ti ojú lásán àti awò olójú méjì ni. Tẹlisíkóòpù máa ń yí i padà, a máa sọ̀rọ̀ kan án nísàlẹ̀.)

Ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹfà ni ti kòtò mẹ́ta tó so kọ́ra: Theophilus, Cyrillus àti Catharina. Theophilus gorí Cyrillus, ó sì ya ògiri rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lójú òṣùpá nìyẹn: èyí tó ya ògiri èkejì ni àbúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí kí ẹ tó sọ ìdáhùn fún wọn. Ògiri Theophilus ṣì mú, ti Catharina ti jẹ́ kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ keje sí ìkẹjọ, òṣùpá ti di ìdajì, ojú ò sì ní mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Ptolemaeus, Alphonsus àti Arzachel tò tẹ̀ léra nítòsí agbede-méjì. Ptolemaeus fẹ̀ ní kìlómítà 153, inú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Níhà àríwá, òkè Apennines na gbọọrọ bí odi ìlú, góńgó rẹ̀ míì ga ju kìlómítà 5 lọ. Ẹsẹ̀ òkè yìí ni Apollo 15, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà, balẹ̀ sí ní 1971. Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ẹ wá Rupes Recta: ìlà dúdú kan tó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, tó gùn tó kìlómítà 110. Gbogbo èèyàn ló máa ń pè é ní ògiri, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán ni, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 300 lọ. Òjìji rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ ń rí. Ẹ tún wò ó ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì wọ̀: ìlà dúdú náà á ti di ìlà funfun.

Bí wọ́n bá ní ká mú alẹ́ kan ṣoṣo nínú oṣù, ọjọ́ kẹsàn-án la máa mú. Copernicus ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, ògiri rẹ̀ tò bí àtẹ̀gùn wọnú, òkè sì wà láàárín rẹ̀. Plato wà níhà àríwá, inú rẹ̀ dúdú bí ẹni da ọ̀dà sí i. Tycho àti Clavius wà níhà gúúsù. Clavius fẹ̀ tó kìlómítà 230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Èkó sí Ìbàdàn bí ẹyẹ ṣe ń fò. Nínú rẹ̀, àwọn kòtò kéékèèké tẹ̀ bí ọrun, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ ka iye tí ẹ bá rí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá lé sí i lóṣù tó ń bọ̀, ojú yín ló ń kọ́ṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ wo Sinus Iridum, etí òkun gbígbẹ kan tó tẹ̀ bí ọrun, níbi tí òkè Jura ti tàn bí ọwọ́ ife síta nínú òkùnkùn. Ọjọ́ kejìlá ni ti Aristarchus, kòtò tó fẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 40 péré, tó sì mọ́lẹ̀ ju gbogbo kòtò ńlá yòókù lọ. Àrànmọ́jú náà wúlò fún ohun kan: ìtànṣán funfun tó fọ́n ká láti ara Tycho. Eruku àti òkúta tó tú jáde lọ́jọ́ tí kòtò náà ṣẹ̀ ni.

Ìṣòro kan wà ní ilẹ̀ wa tí ìwé òkèèrè kì í sọ. Ìdajì òṣùpá máa ń wà lókè orí wa gangan nírọ̀lẹ́. Ọrùn á dùn yín, ẹsẹ̀ mẹ́ta tẹlisíkóòpù á sì máa dí ọ̀pá rẹ̀ lọ́nà. Ẹ dúró kí ó yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó ní awò olójú méjì, kó tẹ́ ẹní, kó sùn gbalaja.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé tẹlisíkóòpù ọmọ mi ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 525. Kùrukùru là ń rí. (Bàbá ọmọ mẹ́rin, Abẹ́òkúta)

Ẹ wo ara ọ̀pá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí D=70 (fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú) àti F=700 (ìjìnnà láti lẹ́ǹsì náà dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé), méjèèjì ní mìlímítà. Ẹ fi nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì tí ẹ ń gbé ojú lé pín F. Lẹ́ǹsì 20 á fún yín ní ìlọ́po 35, lẹ́ǹsì 10 á fún yín ní 70, lẹ́ǹsì 4 á fún yín ní 175. Bí ẹ bá wá ki ọ̀pá kékeré tí wọ́n kọ 3x sí bọ àárín, 175 á di 525. Ìṣirò àwọn tó kọ páálí tọ̀nà. Ohun tí wọn kò sọ ni pé agbára tẹlisíkóòpù kì í kọjá ìlọ́po méjì fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ti 70, ó parí sí 140. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwòrán tó ti bàjẹ́ lẹ kàn ń fẹ̀ sí i, bí ìgbà tí èèyàn bá fa fọ́tò kékeré lójú fóònù.

Ẹ gbé 3x yẹn jù sí àpótí. Ẹ fi lẹ́ǹsì 20 wá òṣùpá, kí ẹ tó fi 10 wo kòtò. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì iwájú tó fẹ̀ ní mìlímítà 70, kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 5 tàbí 6 máa hàn bí afẹ́fẹ́ bá fara balẹ̀. Pẹ̀lú 114, ẹ lè dé 3 tàbí 4. Ẹni tó ní 150 lè dán ojú rẹ̀ wò lórí Plato: àwọn kòtò wínníwínní wà nínú rẹ̀ tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò fẹ̀ ju kìlómítà 2 àti díẹ̀ lọ.

Ó sì lè jẹ́ pé ìdúró rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹ má fa ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde tán. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 mọ́ abẹ́ rẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ ka ení dé àrún kí ẹ tó wò. Òṣùpá fúnra rẹ̀ ń rìn kọjá. Ìṣẹ́jú méjì ló fi ń rìn ìwọ̀n fífẹ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé kòtò tí ẹ fẹ́ wò sí etí ibi tó ti ń wọlé, kí ó rìn kọjá níwájú yín.

Awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, ọ̀sán la máa ń tún un ṣe. Ẹ fi lẹ́ǹsì 20 wá orí òpó tẹlifóònù tó jìnnà tó kìlómítà kan, níhà tí oòrùn kò sí. Kí ó wà láàárín gangan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àwọn ìdè kéékèèké ara awò náà títí àmì àgbélébùú inú rẹ̀ á fi bọ́ sórí òpó kan náà.

Awò olójú méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni mo ní, wọ́n kọ 10x50 sí i. Ṣé ó tó? (Ọ̀yọ́)

Ó tó fún gbogbo òkun, fún ìtànṣán Tycho, àti fún kòtò tó bá fẹ̀ tó kìlómítà 50 nígbà tí ààlà òjìji bá wà lára rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló máa ń bà á jẹ́. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, tàbí kí ẹ di ọ̀pá mópù mú pọ̀ mọ́ ọn, kí ìdí ọ̀pá náà wà nílẹ̀. Ẹ tún un ṣe báyìí: ẹ fi ọwọ́ bo iwájú lẹ́ǹsì ọ̀tún, ẹ yí ti àárín títí òṣùpá á fi mú gaara lójú òsì. Ẹ wá bo ti òsì, ẹ yí òrùka ọrùn lẹ́ǹsì ọ̀tún nìkan. Bí ẹ bá ṣì ń rí òṣùpá méjì lẹ́yìn èyí, awò náà ti ṣubú rí, dígí inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín.

Ní kété tí mo bá gbé tẹlisíkóòpù mi jáde ni kùrukùru máa ń bo lẹ́ǹsì rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni. (Lẹ́kí, Èkó)

Inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà lẹ ń gbé e sí, ó dájú. Lẹ́ǹsì tútù bọ́ sínú afẹ́fẹ́ olómi Èkó, ó sì làágùn bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fìríìjì jáde. Ẹ má nù ún. Kí ẹ tó wò, ẹ gbé e jáde pẹ̀lú àpótí rẹ̀ ní dídé, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45. Bí ẹ bá ti wò tán, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ nínú ilé kí ìrì gbẹ kúrò kí ẹ tó tì í pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ǹsì á bu bí èlùbọ́ tí òjò pa, ìlà wínníwínní tó máa ń hù sójú rẹ̀ kì í sì ṣeé fọ̀ kúrò tán. Àwọn àpò pẹlẹbẹ kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ẹ kó mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú àpótí náà. Ó ń fa omi mu.

Eruku ọyẹ́ ní yanrìn nínú. Ìgbà tí ẹ bá fi aṣọ nù ún ni yanrìn náà ń ha lẹ́ǹsì, kì í ṣe ìgbà tí eruku kàn bà lé e. Ẹ fi bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Eruku díẹ̀ kò dí yín lọ́wọ́ rárá.

Bí àwòrán bá ń jó bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, ẹ wo ibi tí ẹ dúró sí. Òrùlé páànù àti ilẹ̀ kọnkéré máa ń tú ooru ọ̀sán jáde títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ lọ sórí koríko, ẹ má sì wò ó gba ojú fèrèsé.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí gbogbo kòtò òṣùpá fi rí róbótó? Ṣé òkúta tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ò yẹ kó gbẹ́ kòtò gígùn ni? (Ọmọ ọdún 12, Ṣakí)

O káre, ìbéèrè àgbà lo bi wá. Òkúta tó ń bọ̀ láti òfúrufú lè máa rin ogún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́. Bó ṣe kan ilẹ̀ ló ń bú bíi bọ́ǹbù, bọ́ǹbù sì máa ń tú ilẹ̀ dọ́gba yí ká, ibi yòówù kí ó ti wá. Àfi èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ra ilẹ̀ wá ló máa ń gùn. Wá Messier nínú Mare Fecunditatis, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún: ó gùn bí ẹyin, èkejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìtànṣán méjì sì yọ jáde lára èkejì náà bí ìrù.

Irú kòtò bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wa. Adágún Bosumtwi, lẹ́bàá Kumasi ní Ghana, òkúta òfúrufú ló gbẹ́ ẹ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà 10.5. Tó bá wà lójú òṣùpá, kò ní ju àmì kékeré kan lọ nínú tẹlisíkóòpù. Tiwa ń parẹ́ nítorí pé òjò, odò àti koríko ń bò wọ́n. Kò sí òjò níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́.

Dán an wò nílé. Da fúláwà sínú àwo fífẹ̀ kan, kí ó jìn tó ìka mẹ́ta, kí o sì kù èlùbọ́ lé e lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti ibi tó ga tó orí rẹ. Funfun á tú jáde sórí dúdú, bí ìtànṣán Tycho. Pa iná, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wà lókè gangan. Wàá rí i bí kòtò ṣe ń parẹ́ lójú rẹ. Bí o bá ju òkúta láti ẹ̀gbẹ́, kòtò tìrẹ á gùn, nítorí pé òkúta ọwọ́ kì í sáré débi tí yóò fi bú. Kọ́kọ́ tọrọ fúláwà náà lọ́wọ́ màmá rẹ o.

Mo ń gbé ní Peckham. Fọ́tò òṣùpá tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn dùbúlẹ̀, tèmi dúró, alẹ́ kan náà sì ni. Tẹlisíkóòpù mi tún wá ń fi òdìkejì hàn. (London)

Òṣùpá kan náà ni, ìdúró ẹ̀yin méjèèjì ló yàtọ̀. Ìbàdàn kò jìn sí agbede-méjì ayé, nítorí náà òṣùpá máa ń bọ́ sílẹ̀ tààrà bó ṣe ń wọ̀, etí rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ á kọjú sí oòrùn tó wọ̀ lábẹ́ rẹ̀, a ó sì rí i bí igbá tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ní London, ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń wọ̀, ìdí nìyẹn tí tiyín fi nàró.

Ti tẹlisíkóòpù: èyí tó ń lo dígí ńlá nísàlẹ̀ ọ̀pá máa ń da orí kodò pátápátá. Ẹ yí àwòrán ilẹ̀ òṣùpá yín po, á bá a mu. Èyí tó ń lo lẹ́ǹsì iwájú pẹ̀lú dígí onígun lẹ́yìn máa ń fi orí sókè, ṣùgbọ́n ọ̀tún á di òsì bí ti dígí ara ògiri. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí bébà po kí ó bá èyí mu. Virtual Moon Atlas, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ní ibi tí ẹ ti lè yí i padà.

Ohun kan náà ló ń fà á tí kòtò fi máa ń dà bí òkìtì lójú ẹlòmíràn. Ojú wa gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé níbo ni oòrùn wà, òkìtì á sì padà di kòtò.

Ṣé a lè rí àsíá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi síbẹ̀? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá. Awò Hubble pàápàá, tẹlisíkóòpù ńlá tó wà ní òfúrufú, kò lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lójú òṣùpá. Ọkọ̀ LRO, tó ń yí òṣùpá po nítòsí, ló ya fọ́tò àwọn ibi tí wọ́n balẹ̀ sí.

Àwa tí à ń wo oṣù fún ààwẹ̀, ṣé awò olójú méjì lè ràn wá lọ́wọ́? (Àfáà kan, Ìwó)

Bí ẹ̀sìn ṣe wò ó, iṣẹ́ ẹ̀yin àfáà ni. Bí ojú ṣe wò ó: ó ń ràn yín lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n oòrùn gbọ́dọ̀ ti wọ̀ tán pátápátá. Bí etí oòrùn bá kan lẹ́ǹsì fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ojú lè bàjẹ́ títí láé, ojú náà kò sì ní dunni nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti fi òpó tó jìnnà tún awò náà ṣe kí ó mú gaara. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, oṣù tó tín-ín-rín á sì pòórá nínú awò tí kò gaara. Láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ẹ máa fi awò náà gbá ojú ọ̀run lọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè ibi tó wọ̀ sí. Ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀, tí ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Òṣùpá tí kò tíì pé wákàtí 15 kì í sábà ṣeé fojú lásán rí, ẹ̀rí ẹni tó bá sọ pé òun rí ti wákàtí mẹ́jọ sì nílò àyẹ̀wò.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wọn gíga òkè òṣùpá pẹ̀lú fọ́tò fóònù. Ṣé ó ṣeé ṣe? (Olùkọ́ ìṣirò, Adó-Èkìtì)

Ó ṣeé ṣe. Ẹ lo lẹ́ǹsì 20 tàbí 25, ẹ so fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú ohun ìdè tí wọ́n ṣe fún un, torí pé ọwọ́ lásán kì í dúró. Ẹ tẹ ojú òṣùpá lórí fóònù mọ́lẹ̀ kí ó má baà máa yí fúnra rẹ̀, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí apá tó mọ́lẹ̀ jù kò fi ní funfun báláú mọ́, ẹ sì lo ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí fóònù bá gba àtúnṣe ọwọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti 1/125 ìṣẹ́jú àáyá fún ìdajì òṣùpá.

Ìdajì òṣùpá ni kí ẹ yà, kí òkè tí ẹ máa wọ̀n sì wà nítòsí àárín. Ẹ wọn òṣùpá láti orí dé ìdí ní píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Ká ní ó jẹ́ 2,400. Òṣùpá fẹ̀ ní kìlómítà 3,474, nítorí náà píkísẹ́lì kan jẹ́ kìlómítà 1.45. Ẹ wọn òjìji òkè náà: ká ní píkísẹ́lì 14, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 20. Ẹ wọn bí òkè náà ṣe jìn sí ààlà òkùnkùn tó: ká ní píkísẹ́lì 105, ìyẹn kìlómítà 152. Dígírì kan lójú òṣùpá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 30.3, nítorí náà oòrùn ga ní dígírì 5 lójú ibẹ̀. Gígùn òjìji lọ́nà tan 5°, ìyẹn 20 lọ́nà 0.0875, jẹ́ kìlómítà 1.75.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé: etí òjìji kì í mú, píkísẹ́lì méjì nínú 14 sì jẹ́ ìdá kan nínú méje, ó tó mítà 250. Bí òṣùpá fúnra rẹ̀ ṣe rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù tún máa ń na òjìji síwájú díẹ̀, ìdáhùn á sì ju bó ṣe yẹ lọ, ní nǹkan bíi mítà 100 fún òjìji tó gùn tó ogún kìlómítà. Òkè tó wà létí òṣùpá kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé a ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, òjìji rẹ̀ á sì dà bí èyí tó kúrú. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wọn òjìji kan náà láìwo ìwé ara wọn, kí ẹ tó ṣírò.